Orúkọ Kí Ọjọ́ Kẹjọ Tó Pé

Ìbídùn sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní ọjọ́ kẹfà tí wọ́n bí i, lójú ìyá ọmọ tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ikú ọmọ náà lè wọ inú ìṣirò ìjọba.

Àárọ̀ ni. Yìnyín ti bo gbogbo Ìsàlẹ̀-Odi, láti ẹsẹ̀ odi ńlá tí wọ́n fi dá òkun dúró títí dé ojú irin. Ìbídùn wà nínú Ilé Abiyamọ, ó ń ṣí ètè àwọn ọmọ ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo erìgì wọn. Bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Àkéte tí ọmọ sùn sí lè máa sọ pé ọmọ ń mí dáadáa, Ìbídùn kì í gbà títí yóò fi fojú ara rẹ̀ rí i. Erìgì tó bá pọ́n, ó dára. Èyí tó bá ti ń ṣe bí eérú, kí wọ́n yáa sáré.

Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ Fèyíṣayọ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú okùn àti sípánà. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kúnlẹ̀ ti àkéte àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Ẹ̀yin ti ibo nìyẹn?" Mojírọ́lá agbẹ̀bí pariwo láti ìdí iná. "Ṣé ẹ ò rí i pé ọmọ ń bẹ nínú ẹ̀ ni?"

Ẹni tó tẹ̀lé wọn wọlé ló dáhùn. Adégbìtẹ́ ni, ọmọ àdúgbò yìí kan náà, tó ti di ọ̀gá nílé iṣẹ́ Ìdọ́gba ní Òkè-Odi, níbi tí àwọn òyìnbó ń gbé. Kóòtù tó nípọn ló wọ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Etí kọ́ ọrùn. Etí yìí kò tóbi ju ìkarahun ìgbín lọ. Òun ni ìjọba fi ń gbọ́ orúkọ ọmọ, òun náà ló sì ń kà wọ́n, alààyè àti òkú.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Alága." Adégbìtẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá."

"Ìròyìn ayọ̀ wo ló ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, Gbìtẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí Etí sọ ọ́ fúnra rẹ̀, mà."

Ó tẹ ìdí rẹ̀. Ohùn obìnrin kan jáde, ó mọ́ gaara bíi ti ẹni tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìsàlẹ̀-Odi. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ dúdú, mẹ́rin ló kú kó tó pé ọdún kan. Òkè-Odi. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ funfun, mẹ́rin. Ìdọ́gba ti dé. Ẹ kú oríire."

Mojírọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn-ún gbọ́. "Mẹ́rin? Mẹ́rin tìẹ nìyẹn! Ọwọ́ mi yìí nìkan ti..."

Ìbídùn wò ó. Mojírọ́lá yíjú padà sí ìdí iná.

"Gbìtẹ́," Ìbídùn ní, "ṣé o rántí bá a ṣe rí àwọn àkéte yìí gbà?"

"Mo rántí, mà."

"Èwo lo rántí níbẹ̀? Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Adégbìtẹ́ wo ilẹ̀. "Èmi ni mo ru àkéte àbúrò mi. Mo gbé e sórí, òfìfo."

"Kí ló pa àbúrò rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Kò sóhun tó pa á. Ó kàn ń kú lọ, àkéte ń kọrin fún un."

Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn àkéte àtijọ́ ò mọ̀ ju awọ funfun lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá tán lára ọmọ òyìnbó, wọn á ké, nọ́ọ̀sì á sáré wọlé. Ọmọ dúdú á máa di eérú nínú wọn, wọn á máa kọrin oorun fún un, torí ojú wọn ò rí nǹkan kan. Ìgbà tó sú àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀-Odi, wọ́n ru àkéte òfìfo lórí, wọ́n lọ jókòó sójú títì Òkè-Odi nínú òtútù, wọ́n sì kọ̀ wọn ò dìde. Ọlọ́pàá da omi lé wọn lórí, omi náà dì sára aṣọ wọn, wọ́n ṣì jókòó. Ibẹ̀ ni ìjọba ti wá ṣe àkéte mìíràn, èyí tó mọ awọ dúdú wò. Àwọn obìnrin náà ò sì dúró níbẹ̀. Aboyún kankan ò dá lọ sílé ìwòsàn mọ́. Obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ wọn, tí Ìbídùn jẹ́ alága rẹ̀, á tẹ̀ lé e, wọ́n á dúró ti bẹ́ẹ̀dì, tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ó ń ṣàṣejù, wọ́n á ní kó padà wá tún un yẹ̀ wò. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Gbogbo wọn kọ́ ló yè, ṣùgbọ́n wọ́n ń yè.

"Òfin ni, mà," Adégbìtẹ́ ní. "Ibi tí dúdú bá ti ń kú ju funfun lọ ni àkéte yìí gbọ́dọ̀ wà. Ibi tó bá ti dọ́gba, wọn á gbé e lọ síbòmíràn. Àwọn kan náà ń dúró dè é létíkun."

"Kí lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀ fún wa?"

Adégbìtẹ́ ń de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀.

"Mo ní kí lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀?"

"Èyí tó ń kọrin, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ohùn ẹ̀ ṣe."

Fèyíṣayọ̀ ti na ara rẹ̀ sórí àkéte ọmọ rẹ̀, ó dì í mú lápá méjèèjì. Lówùúrọ̀ àná ni àkéte yìí ké, tí Mojírọ́lá sáré dé, tó fa itọ́ kúrò lọ́nà ọ̀fun ọmọ náà. Ọmọ yẹn ń sùn báyìí, ó ń jẹ ètè lójú oorun. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ di Fèyíṣayọ̀ léjìká mú, ó rọra ń fà á bí ẹni tó ń fa àpò ìrẹsì.

Ìbídùn jókòó sórí àpótí. Ó mọ ibi tí mẹ́rin yẹn ti wá. Gbogbo obìnrin tó wà nínú ilé yẹn mọ̀.

Etí kì í ka ọmọ tí kò ní orúkọ. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ gbé Etí dé, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìyá sọ orúkọ ọmọ sí i ní kété tó bá bí i. Ìbídùn ló dìde nípàdé. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn, ó máa ń bínú sí ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ̀rọ̀ tó dùn. Ó ní ẹ̀rọ kò ní gbọ́ orúkọ ọmọ Yorùbá kí ẹbí tó gbọ́ ọ. Ó ní ọjọ́ kẹjọ ni ọmọ ń jáde, ní ọjọ́ kẹjọ ni Etí náà yóò gbọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ìjọba gbà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni ọmọ ń kú jù. Àwọn tó bá kú kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, àlejò tó yà tó sì lọ ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kì í sunkún wọn níta. Mojírọ́lá á wé ọmọ náà, á gbé e lọ sí ẹ̀yìn odi, ó parí. Kò sí orúkọ, kò sí ikú. Òyìnbó ń sọ ọmọ tiwọn lórúkọ kí wọ́n tó nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán, torí náà gbogbo òkú tiwọn ló wọ ìṣirò.

Nǹkan mìíràn tún wà tó mú kí àwọn ìyá fẹ́ràn ọjọ́ kẹjọ yẹn. Obìnrin Ìsàlẹ̀-Odi tí ọmọ tó ti lórúkọ bá kú mọ́ lọ́wọ́, ìjọba á de ìdè pupa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá tún bí, wọn á gbé e lọ tààrà sí Òkè-Odi, di ìgbà tó bá lè rìn, tó sì lè sọ̀rọ̀. Ìsinmi Ìyá ni wọ́n ń pe òfin náà. Ní Òkè-Odi, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá kú, òdòdó ni wọ́n ń fún un.

"Gbìtẹ́," Ìbídùn ní, "tá a bá sọ orúkọ àwọn tó ti lọ ńkọ́? Àwọn tó wà lẹ́yìn odi?"

Adégbìtẹ́ gbójú sókè. Òun náà mọ̀. Ọmọ àdúgbò ni. "Etí kì í gba orúkọ òkú, mà. Ẹni tó bá ọmọ tan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ọwọ́ onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, kí ẹsẹ̀ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Mélòó ló kù kó má dọ́gba?"

"Ẹyọ kan." Ó tún ohùn rẹ̀ ṣe. "Ẹyọ kan péré tó bá lé kí n tó ti ìṣirò lọ́sàn-án òní, àkéte ò gbọdọ̀ kúrò níbí títí di àmọ́dún. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbàdúrà fún irú ìyẹn, Ìyá Alága? Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́."

Mojírọ́lá ti rọra sún mọ́ Ìbídùn. Ó tẹ̀ sí i létí. "Má rò ó."

"Kí ni mò ń rò?"

"Èmi ni mo wo erìgì ọmọ Àrínọlá láàárọ̀. Mo mọ ohun tí ò ń rò."

Yàrá ẹ̀yìn ni Àrínọlá, ọmọ Ìbídùn, wà pẹ̀lú ọmọkùnrin tó bí. Ihò wà lọ́kàn ọmọ náà láti inú oyún. Ilé ìwòsàn ti ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Bàbá rẹ̀ wà lójú òkun, nínú ọkọ̀ apẹja, kò tíì rí ọmọ rẹ̀ sójú.

"Ṣé á di ìrọ̀lẹ́?" Ìbídùn béèrè.

"Kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀." Mojírọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n Àrínọlá ṣì máa bímọ. Ọmọ ọdún mélòó ni? Jẹ́ kí èyí lọ jẹ́jẹ́."

"Ọmọ Fèyíṣayọ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ Fèyíṣayọ̀ kì í ṣe ọmọ tìẹ!"

"Ohun tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn," Ìbídùn ní, "òun ni ẹ̀yìn odi fi kún."

Ó dìde. Ó di okùn Etí mú lọ́rùn Adégbìtẹ́, bí ẹni ń fa ewúrẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

"Ìyá Alága! Kí lẹ fẹ́ ṣe? Mà! Ẹ jẹ́ n jáde, mi ò gbọ́ nǹkan kan o, mi ò sí níbí!"

"O wà níbí. Ìwọ lo ní ìròyìn ayọ̀ lo mú wá."

Àrínọlá jókòó nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ náà wà láyà rẹ̀ lábẹ́ bùbá. Ó ti gbé e kúrò lórí àkéte kó lè gbọ́ òórùn ìyá rẹ̀. Ìgbà tó rí Etí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ó fi apá méjèèjì bo ọmọ.

"Màámi, rárá."

"Wọ́n ń kó àkéte lọ, Àrínọlá."

"Mo gbọ́. Etí mi ò di. Rárá."

"Ó ń lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ó ń lọ."

"Mo mọ̀! Ẹ jẹ́ kó lọ bó ṣe wá. Àlejò ni. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ dúró nípàdé, ẹ ní ọjọ́ kẹjọ. Mo wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́."

"Mo ṣe àṣìṣe."

"Ẹ wá fẹ́ fi ọmọ mi tún un ṣe?"

Ìbídùn kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ dún. Láti yàrá iwájú, wọ́n gbọ́ tí sípánà ń han, wọ́n gbọ́ ohùn Fèyíṣayọ̀ tó ń ké pé, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ọmọ wà nínú ẹ̀."

"Wọ́n á de ìdè mọ́ mi lọ́wọ́, Màámi." Ohùn Àrínọlá ti wá lọ sílẹ̀. "Èyí tí mo bá tún bí, mi ò ní fún un lọ́mú. Ẹlòmíràn ló máa gbọ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ pe ìyá. Ẹ wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí ná. Èmi náà ọmọ yín ni."

Ìbídùn ò wò ó. Tó bá wò ó, kò ní lè ṣe é. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ bùbá, ó wá ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó rí i. Ó kéré bí ìka. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àrínọlá gé e jẹ lápá, eyín rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ jáde, Ìbídùn ò fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.

Àrínọlá ní orúkọ tó ti fi pamọ́ fún ọmọ yìí, gbogbo ìyá ló máa ń ní. Kò tíì sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ìbídùn sọ èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

"Bánjókòó," ó ní.

"Bánjókòó," Etí dá a lóhùn. "Ọmọkùnrin. Ìsàlẹ̀-Odi. Ẹ kú oríire."

Adégbìtẹ́ ti bo ojú rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn," Àrínọlá ní.

Wọ́n jókòó síbẹ̀. Mojírọ́lá wọlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrínọlá, ó gbé orí Àrínọlá lé èjìká ara rẹ̀. Ọmọ náà mí, ó dúró, ó tún mí. Nígbà tó ṣe, kò mí mọ́. Etí ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sunkún.

"Ìsàlẹ̀-Odi ti fi ẹyọ kan lé," ó ní. "Ìdọ́gba kò tíì dé. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ tún ẹsẹ̀ àkéte dè mọ́lẹ̀, wọ́n ń ráhùn pé wọ́n fi iṣẹ́ òfo da àwọn láàmú nínú òtútù. Fèyíṣayọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ padà sínú tirẹ̀. Ó sáré wá síbi ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn láti dúpẹ́, ó rí ohun tó wà níbẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn. Adégbìtẹ́ fúnra rẹ̀ ló de ìdè pupa náà mọ́ Àrínọlá lọ́wọ́. Kò dè é dáadáa, ó ní láti tú u kó tún un dè lẹ́ẹ̀mejì. Àrínọlá na ọwọ́ fún un bí ẹni tí wọ́n ń wọn ẹ̀gbà fún.

Àkéte wà fún ọdún yẹn. Ọmọ tó yè nínú wọn lọ́dún náà pọ̀. Ìbídùn lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípàdé, kí wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ ní kété tí wọ́n bá ti bí i, kí ìjọba lè rí gbogbo òkú. Wọ́n fún un ní ìjókòó, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, wọ́n ní àwọn gbọ́, mà. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Wọ́n ti rí ọwọ́ Àrínọlá. Nígbà tí ọdún yípo, Etí tún ka mẹ́rin, ọkọ̀ akẹ́rù tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí tó ń kú lọ́wọ́, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Èyí tó ń kọrin ni wọ́n gbé sílẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Ọmọ Fèyíṣayọ̀ ti ń sáré kiri nígbà tí Àrínọlá tún bímọ. Obìnrin ni. Ọkọ̀ ìjọba ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tó ti ń rọbí. Wọ́n gé ìwọ́, wọ́n wé ọmọ, wọ́n gbé e lọ. Mojírọ́lá ló sọ fún Ìbídùn pé ó jọ ọ́ níwájú orí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Àrínọlá ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Kò tíì pè é láti ọjọ́ tí Bánjókòó ti kú. Ìbídùn wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ. Ó bá oyin lórí tábìlì, àti iyọ̀, obì, atare, omi tútù nínú àwo. Gbogbo nǹkan pé. Àga méjì ló wà níbẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ìyá Alága," Àrínọlá ní.

Ìbídùn jókòó.

"Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní kí n sinmi, mo sì ń sinmi." Ọmú rẹ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú, kò bò ó. "Ẹ sọ ọ́ lórúkọ."

"Àrínọlá. Ọmọ ò sí níbí."

"Ẹ mọ orúkọ ọ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́."

Ìbídùn la ẹnu. Orúkọ kankan ò wá. Ó wo ìdè pupa lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wo àpá eyín lápá ara rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ sọ èyí àkọ́kọ́?" ó béèrè. "Orúkọ tó o fi pamọ́ fún un. Sọ fún mi. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan."

Àrínọlá fi ìka tọ́ oyin náà lá. Ó dìde, ó kó àwo kúrò lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da omi nù, ó fi ìdérí dé iyọ̀.

"Ẹ lọ bi Etí," ó ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi jáde sínú yìnyín.

Títí Ìbídùn fi kú, kò mọ orúkọ èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì.